Ìdáhùn: «ìpèlé àpáta» àti sọ́fítíwíà tí àbúrò wa ń wá

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò, mo kí gbogbo yín. Ọ̀kun o.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò wa láti Ìsánlú, ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ jiọ́lọ́jì (ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta), béèrè ohun méjì lọ́wọ́ wa. Ó ń wá sọ́fítíwíà tí kò wọ́n, tí òun lè fi ya àwòrán bí àpáta ṣe wà lórí ara wọn láàrin Lọ́kọ́jà àti Agbájà, nítorí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Ó sì ń wá orúkọ Yorùbá tí òun lè pe irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun bá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá òun. Ìbéèrè kejì nìkan ni a dá lóhùn. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìyàrà, tí mo bọ̀wọ̀ fún, ní kí ó máa pè é ní «ìpèlé àpáta», wọ́n sì pe sọ́fítíwíà náà ní «àìrídìmú olówó pọ́ọ́kú». Láti ọjọ́ náà ni àwọn ènìyàn ti ń pàtẹ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi ẹ̀gbọ́n léèrè pé ohùn wo ni wọ́n fi sórí ọ̀rọ̀ wọn.

Ohùn ni ìjà mi. «Ìpele», dò-re-re, ni ipò tí nǹkan wà nínú ètò kan, bí ìpele ẹ̀kọ́ tàbí ìpele ìdíje. «Ìpèlé», dò-dò-mí, ni aṣọ tí obìnrin ń gbé lé èjìká lẹ́yìn tó bá ti ró ìró, tó wọ bùbá, tó sì wé gèlè tán. Mo kọ́kọ́ rò pé ìka ẹ̀gbọ́n ló ṣì bọ́tìnì tẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n tún kọ̀wé pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ fi àmì òkè sí i ni, nítorí «lé» tó wà nínú gbígbé nǹkan lé orí nǹkan ni àwọn fẹ́ kí ó hàn. Ó dára. Bí «lé» bá ti hàn, kí ni «pè» ń ṣe níbẹ̀? Ṣé à ń pe àpáta ni, àbí àwọn àpáta ló ń pe ara wọn? Ẹni tó bá fẹ́ ká rí ìtumọ̀ mọ́fíìmù (ègé ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀) kan nínú ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹ̀dá kò gbọ́dọ̀ fi èkejì sílẹ̀ bí ọmọ òrukàn. Mo sì ń fojú inú wo àbúrò wa níwájú bàbá rẹ̀, tó ń sọ pé ìpèlé àpáta ni òun ń yà, tí bàbá sì ń ronú pé òde wo ni àpáta ń lọ tó fi ń múra.

Ẹ lè ní kí a dá ohùn padà, kí a máa pè é ní «ìpele àpáta», kí ọ̀rọ̀ sì parí. Kò parí, nítorí bí a bá ti dárúkọ ìpele, a gbọ́dọ̀ lè kà á: ìpele kìíní, ìpele kejì. Níbo ni kíkà náà ti bẹ̀rẹ̀?

Agbẹ́kànga ni bàbá mi ní agbègbè Kàbà, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga, èmi ni mo máa ń fa garawa lókè. Wọ́n á ké láti inú kòtò pé yẹ̀pẹ̀ dúdú ti tán, àwọn ti dé ilẹ̀pa. Lẹ́yìn ilẹ̀pa, yangí, tó máa ń ba ẹnu dígà jẹ́. Lẹ́yìn yangí, amọ̀ funfun tó ń dán yinrinyinrin. Lẹ́yìn amọ̀, òkúta tó ti jẹrà tí ọwọ́ lè rún. Lẹ́yìn náà ni àpáta gan-an, tí ó jẹ́ pé òkè rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni omi sábà máa ń wà. Wọn kò kàwé, ṣùgbọ́n n kò tí ì rí olùkọ́ tó mọ orúkọ ilẹ̀ tó wọn. Fún bàbá mi, èkíní ni èyí tó wà lókè pátápátá, nítorí òun ni dígà kọ́kọ́ kàn. Fún àbúrò wa tó dúró níwájú ẹ̀gbẹ́ òkè tí wọ́n gé láti la títì, tó ń wọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó, èkíní ni èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí òun ló kọ́kọ́ dé. Àwọn méjèèjì yóò jọ máa sọ «ìpele kìíní», wọn yóò sì máa tọ́ka sí ohun méjì tó jìnnà sí ara wọn bí orí ṣe jìnnà sí àtẹ́lẹsẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ kí a gun òkè Agbájà ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀. Ohun tó wà lórí pátápátá níbẹ̀ ni àpáta onírin tí wọ́n fi orúkọ Agbájà pè. Abẹ́ rẹ̀ ni àwọn amọ̀ líle àti òkúta iyanrìn tí wọ́n ń pè ní Patti wà, orúkọ tí wọ́n mú láti ara òkè tó wà ní Lọ́kọ́jà. (Èdè Nupe ni orúkọ náà, òkè ló túmọ̀ sí, òun ló wà nínú Pàtígi, tí í ṣe òkè kékeré. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún wá sọ fún mi níbí pé ọmọbìnrin òyìnbó kan ló ni ín.) Abẹ́ Patti ni ti Lọ́kọ́jà wà, òkúta iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí omi kó jọ. Gbogbo wọn ti dé ilẹ̀ láàrin nǹkan bí mílíọ̀nù 84 sí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, ti Lọ́kọ́jà ló sì ṣáájú. Láti ọdún 1669 ni Nicolaus Steno, ọmọ ilẹ̀ Dánmárkì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí omi bá tẹ́ ilẹ̀ lé orí ilẹ̀, tí ohunkóhun kò sì dojú wọn dé, èyí tó wà lábẹ́ ni ẹ̀gbọ́n. Orí òfin yìí ni gbogbo àwòrán náà dúró lé.

Nítorí náà, «ìtẹ́lé» ni ọ̀rọ̀ tí mo mú wá. Ì, tẹ́, lé: ohun tí a tẹ́ lé orí òmíràn. Kò sí ẹni tó lè tẹ́ aṣọ lé orí ẹní tí kò tí ì sí nílẹ̀. Ẹní ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ sì ti sọ bẹ́ẹ̀ kí a tó kà á. «Àwòrán ìtẹ́lé àpáta» ni kí àbúrò wa máa pè é. Mo ti mọ ohun tí ẹ óò sọ. Àwọn kan yóò ní yóò dà bí «ìtẹ̀lé», bí ìgbà tí ọmọ-ẹ̀yìn ń tẹ̀ lé olórí. Àwọn mìíràn yóò ní yóò dà bí «ìtẹ́lẹ̀», èyí tí a ń tẹ́ sínú bàtà. Aláwàdà kan yóò sì ní àpáta mi ti tẹ́, ojú tì í. Ẹ̀yin náà ni ẹ ń pe ọkọ̀, ọkọ, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ lójoojúmọ́ tí ẹ kò sì gbé ọkọ́ lọ síbi ìgbéyàwó. Àmì ohùn wà fún irú èyí.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan kí àbúrò wa tó fi bá mi wí, nítorí ó ti bá mi wí ní ìkọ̀kọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí bàbá mi ń gbẹ́ ní Kàbà kì í ṣe ìtẹ́lé. Kò sí omi tó kó yangí wá tẹ́ lé orí amọ̀. Àpáta ìsàlẹ̀ yẹn kan náà ló ń jẹrà láti òkè wá, tí òjò àti oòrùn sì sọ ọ́ di amọ̀ níhìn-ín, di yangí lọ́hùn-ún. Àpáta abẹ́ ilẹ̀ Kàbà, Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú kì í ṣe èyí tí omi tẹ́; iná inú ilẹ̀ ló sè é, tó sì ká a bí ẹni ká ẹní. Mo gbà. «Ìpele», pẹ̀lú ohùn tó tọ́, lè dúró fún ti inú kànga, níbi tí kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè. «Ìtẹ́lé» ni kí a fi fún ti Agbájà. Bí ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ pe èyí ní ìpadàsẹ́yìn, kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìpele wọn ni mo gbà, n kò gba ìpèlé.

Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní Ìbàdàn kọ̀wé pé àwa Ọ̀kun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, kò yẹ ní ẹni tí ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nítorí pé ohùn wa yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ gírámà fún ọdún tó pọ̀, ìwé tí gbogbo yín kà náà ni mo fi kọ́ wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì ti di olùkọ́. N kò ní gbọn ọwọ́ èkuru sínú àwo. Kí ó sọ fún wa ohun tí wọ́n ń pe òkúta tó ti jẹrà ní Ìbàdàn, nígbà náà ni a óò jọ jókòó.

Ní ti «àìrídìmú», mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ń lò ó, ṣùgbọ́n ohun tí a kò rí dì mú pọ̀ láyé: afẹ́fẹ́ ń bẹ níbẹ̀, èémí ń bẹ níbẹ̀, gbèsè tí ọmọ ìyá ẹni jẹ ni náà ń bẹ níbẹ̀. Sọ́fítíwíà ni gbogbo wa ń pè é nílé. Èyí tó dùn mí jù ni «olówó pọ́ọ́kú», nítorí ó da ohun mẹ́ta pọ̀ tó yẹ kí àbúrò wa yà sọ́tọ̀ kí ó tó ná kọ́bọ̀.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé dọ́là ni a fi ń rà wọ́n. Strater ti Golden Software àti LogPlot ti RockWare, tí àwọn méjèèjì wá láti Colorado ní Amẹ́ríkà, dára gan-an fún ihò tí wọ́n fi ẹ̀rọ lu sínú ilẹ̀, èyí tí a ń kà láti òkè wá sísàlẹ̀ bíi ti bàbá mi. Adobe Illustrator tí a fi ń yàwòrán ní tirẹ̀, owó àsansílẹ̀ ni; ọjọ́ tí o kò bá san mọ́ ni ilẹ̀kùn tì. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi náírà san owó ilé kò gbọ́dọ̀ tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kejì ni ọ̀fẹ́. SedLog, tí wọ́n ṣe ní Royal Holloway ní Yunifásítì London, ni mo bá àbúrò wa wò. Wàá kọ bí ìtẹ́lé kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó, irú àpáta tí ó jẹ́, àti bí hóró rẹ̀ ṣe tóbi tó, yóò sì fúnra rẹ̀ ya àwòrán ìtẹ́lé náà bí òpó fún ọ: ibi tí hóró bá ti tóbi ni òpó ti máa ń yọ síta, ibi tí ó bá ti jẹ́ amọ̀ ni ó ti máa ń súnkì. O lè gbé e jáde bíi SVG (fáìlì àwòrán tí a lè ṣí tún ṣe) tàbí PDF.

Àwọn kẹta ni a kò lè pè ní ọ̀fẹ́ nìkan. Inkscape, sọ́fítíwíà ìyàwòrán, ti wà láti ọdún 2003, a kò sanwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ rẹ̀ tún gba ẹnikẹ́ni láàyè láti tú inú rẹ̀ wò, láti tún un ṣe, àti láti fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni LibreOffice Draw, tó wúlò fún ẹni tó kàn fẹ́ to igun mẹ́rin lé ara wọn kí ó sì fi àwọ̀ sí i. «Ọ̀fẹ́» ń sọ̀rọ̀ nípa àpò. Ohun tó wà níhìn-ín kan ọwọ́ pẹ̀lú, «òmìnira» ni mo sì máa ń pè é. Èyí tí mo gbà nímọ̀ràn ni kí ó fi SedLog ya egungun àwòrán náà, kí ó ṣí SVG rẹ̀ nínú Inkscape, kí ó sì wọ̀ ọ́ láṣọ níbẹ̀. Àwọn àmì fún irú àpáta wà nílẹ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2006, tí a lè gbà láìsanwó: tó-tò-tó fún òkúta iyanrìn, ìlà gígékúrú fún òkúta amọ̀, àmì bíríkì fún òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà, kò nílò dátà mọ́.

Kí ó sì jìnnà sí ayédèrú sọ́fítíwíà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo mọ̀ ra ọ̀kan ní ìsọ̀ kọ̀ǹpútà. Fáírọ́ọ̀sì tó bá a wọlé jẹ gbogbo àwòrán rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó yẹ kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ jálẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi kun àwọ̀ sí àwòrán ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí William Smith gbé jáde ní ọdún 1815. Pẹ́ńsù àti pépà onílà kò tí ì kú.

Ó ku ohun kan. Níbi tí ìtẹ́lé Lọ́kọ́jà ti jókòó lé àpáta ìsàlẹ̀, èyí tó jẹ́ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn ni iná inú ilẹ̀ ti ká a gbẹ̀yìn, nǹkan bí mílíọ̀nù 500 ọdún ni kò ní ojú-ewé nínú ìwé àpáta. Ìlà tó rí kólokòlo ni wọ́n fi ń yà á. Ìyá wa ní Mọ̀pà ní kí a pè é ní «àlàfo», ṣùgbọ́n àlàfo ni àyè tí ojú rí láàrin ohun méjì, àpáta méjèèjì yìí sì fara kan ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ìgbà ló sọnù, kì í ṣe àyè. N kò tí ì ní ọ̀rọ̀ fún un. Ẹni tó bá ní kí ó mú un wá, kí ó sì fi àmì ohùn sí i.