Ẹ gbà mí o: ìtàn mi dúró sí orí 14, n ò rí nǹkan kọ mọ́

Aránṣọ Apẹ̀tẹ́:
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ má bínú pé òru ni mo kọ èyí sí, ọ̀rọ̀ ló pọ̀ jù fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí n ò kọ gbólóhùn kan tó nítumọ̀. Orí WhatsApp ni mo ti ń kọ ìtàn àròsọ tèmi, orí kan ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Òǹkàwé 63 ló ń san ₦500 lóṣooṣù. Owó yẹn ni mo fi ń ra òwú àti epo jẹnẹrétọ̀.

Kí ni n ò tíì rí? Iná tí wọ́n ń fún wa kò tó èèyàn lọ aṣọ kan. Aládùúgbò mi gbé jẹnẹrétọ̀ tiẹ̀ sábẹ́ fèrèsé mi gan-an, ó ń hó títí di aago mọ́kànlá. Ọmọ iṣẹ́ mi tó mọṣẹ́ jù ti ṣe fírídọ̀mù, ó ti bá tiẹ̀ lọ, àwọn méjì tó kù kò tíì lè fi sípù sára síkẹ́ẹ̀tì kó má wọ́. Ojú fóònù mi ti sán, ibi tí lẹ́tà "b" wà kì í gbọ́ àtẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ Bísọ́lá ni mo sọ ẹni tí ìtàn mi dá lé lórí! Ọkọ mi ní ṣé ìtàn la ó fi gúnyán ni. Láàárọ̀ àná, òǹkàwé kan fi ohùn ránṣẹ́ pé ṣé mo ti kú ni, tí mo bá ti kú kí wọ́n dá owó òun padà.

Mo ti mu kọfí. Mo ti gbààwẹ̀. Mo lọ jókòó létí omi Ẹlẹ́yẹlé bí mo ṣe gbọ́ pé àwọn òǹkọ̀wé ń ṣe, ẹ̀fọn ló wá kí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ̀yin ti ń rí ìtàn kọ? Ẹ má sọ pé kí n ka ìwé o. Mo ń kà á.

Ọmọ Oníwèé:
Ẹ ka ìwé sí i.

Ìyá Àgbà Mọ́níyà:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Èmi o, láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, kóòtù ni mo ti ń rí tèmi. Tí o bá gun òkè Mápó n'Ìbàdàn, wọ kóòtù ìbílẹ̀ lọ, jókòó sẹ́yìn, pa fóònù rẹ. Àwọn tọkọtaya tó fẹ́ kọ ara wọn á máa tò wá síwájú adájọ́. Ohun tí etí ń gbọ́ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ọpọlọ rò ó. Mo rí bàbá kan lọ́jọ́ kan tó mú ọmọrí ìkòkò wá ṣe ẹ̀rí. Ọmọrí nìkan o! Ó fi ìwé ìròyìn wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. Adájọ́ ní ìkòkò ńkọ́? Ó ní ìyẹn ni ìyàwó òun gbé lọ. Òjò ṣú, aṣọ mi wà níta, mo sáré wálé, n ò mọ bí ẹjọ́ yẹn ṣe parí títí dòní. Ojú ewé 40 ni mo kọ jáde lára ọmọrí yẹn. Ká ní mo dúró gbọ́ ìdájọ́ ni, mi ò rò pé mo lè kọ ojú ewé méjì.

Akéwì Ọ̀fà:
Tèmi yàtọ̀. Oríkì ni mo ń tú wò. Ẹ mú ìlà kan ṣoṣo, kí ẹ bi í ní ìbéèrè tẹ́nìkan ò bi í rí. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n kì. Ó dáa, ta ló ṣubú lọ́jọ́ náà? Kí ni ìyàwó ẹni tó ṣubú sọ nígbà tó délé? Ṣé ó gbé oúnjẹ fún un ni àbí ó ní kó lọ jẹ iyẹ̀pẹ̀ tó kù? Ẹ ti rí orí kìíní yín nìyẹn.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:
Ìyà ń jẹ yín lásán. Ẹ ní kí AI kọ orí 15, ìṣẹ́jú kan péré.

Akéwì Ọ̀fà:
Mo gbìyànjú ẹ̀ wò. Mo ní kó kọ ìtàn obìnrin tó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Ó fi àmì ohùn tìkara rẹ̀ sí i, ló bá di ọkọ́. Ojú ewé méjì gbáko ni obìnrin náà fi ń fẹnu ko irin roko lẹ́nu.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:
Ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún un ni.

Akéwì Ọ̀fà:
Ìwọ tó mọ̀ ọ́n, ìtàn mélòó lo ti kọ?

Alákòóso Ẹgbẹ́:
Ẹ jẹ́ ó tó bẹ́ẹ̀. Aránṣọ, ẹ kọ ìwé gígùn sí wa, ẹ mẹ́nu ba jẹnẹrétọ̀, ẹ mẹ́nu ba ẹ̀fọn, ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ìtàn náà. Kí ló dá lé? Orí 1 sí 14, báwo lẹ ṣe rí wọn kọ?

Aránṣọ Apẹ̀tẹ́:
Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Màmá Mọ́níyà, ọmọrí yẹn pa mí lẹ́rìn-ín gan-an, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó ní ṣọ́ọ̀bù tí mo bá lọ sí Mápó? Ọmọ Kọ̀ǹpútà, àwọn òǹkàwé mi mọ ohùn mi, wọ́n á rí mi mú. Ẹni tó ní kí n ka ìwé, Ọlọ́run rí yín.

Baba Onígègé:
Kò dáhùn ìbéèrè alákòóso. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ẹni tó ń gbowó oṣù lọ́wọ́ èèyàn 63, tó wá ń wá ìmísí létí odò! Ẹ dá owó padà kí ẹ sinmi.

Aránṣọ Apẹ̀tẹ́:
Bàbá, mo ti ná an. Epo ni mo fi rà.

Mo gbọ́ ìbéèrè yẹn, mo kàn ń ro bí màá ṣe dáhùn ni. Obìnrin kan ni ìtàn náà dá lé, tí ọkọ ẹ̀ lọ sí Ìlú Ọba tó sì lọ gbé ìyàwó míì síbẹ̀. Orí 1 sí 14 kò fún mi ní wàhálà kankan. Ṣe ló ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ. Ìgbà míì mi ò tíì tẹ́ ìró sórí tábìlì tí ọ̀rọ̀ á ti kún ọkàn mi. Ìdí tí mo ṣe mọ̀ pé ẹ̀bùn mi ló lọ nìyẹn.

Ìyá Àgbà Mọ́níyà:
Ó ń ṣàn bọ̀ láti ibo?

Ọmọ Oníwèé:
Ẹ̀yin èèyàn ẹ má fojú kéré ìwé kíkà. Èmi nígbà tí tèmi gbẹ, odindi ọdún kan ni mo fi kà á, mo sì tún ń sáré láàárọ̀.

Aránṣọ Apẹ̀tẹ́:
Ẹ má pariwo lé mi lórí o.

Kọ́sítọ́mà mi kan ni. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń ránṣọ fún un. Tó bá wá, á jókòó sórí àpótí ẹ̀gbẹ́ máṣìnì mi, á bọ́ bàtà, á máa sọ tẹnu ẹ̀. Nígbà tó bá fi máa lọ, ọ̀rọ̀ orí kan ti pé. Mo yí orúkọ ẹ̀ padà. Mo gbé e kúrò ní Apẹ̀tẹ́, mo fi í sí Ṣakí. Ọmọ mẹ́ta ló bí, mo sọ wọ́n di méjì kó má baà yé èèyàn. Òun fúnra ẹ̀ ló sì máa ń sọ pé "ayé tèmi yìí, ó tó kọ sínú ìwé." Ṣé ìyẹn kì í ṣe àṣẹ ni?

Orí 14 parí síbi tí ọkọ pè é pé òun ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá, ṣé yóò gba òun sílé. Orí 15 ni mo ní láti sọ bóyá ó gbà á tàbí kò gbà á. N ò mọ̀ ọ́n. Kò tíì ṣẹlẹ̀.

Akéwì Ọ̀fà:
Háà.

Alákòóso Ẹgbẹ́:
Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ṣíwájú jẹnẹrétọ̀ nìyẹn.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:
Kí ló burú níbẹ̀? Gbogbo òǹkọ̀wé ló ń jalè. Fágúnwà gan-an, ìwé àkọ́kọ́ tó gbé jáde ní 1938, ṣebí ẹlòmíì ló ń sọ tẹnu ẹ̀ fún un níbẹ̀? Àkàrà-oògùn, ọdẹ inú ìtàn náà, ń sọ, akọ̀wé ń kọ.

Ìyá Àgbà Mọ́níyà:
O kà á, àmọ́ o sáré kà á. Àkàrà-oògùn ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá bá akọ̀wé níbi tó jókòó sí, òun ló ní kó mú gègé àti tákàdá kó kọ ìtàn òun. Ó mọ̀ pé wọ́n ń kọ ọ́! Nígbà tó lọ tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì wá máa bá a lọ. Kọ́sítọ́mà wa yìí, ìró ló wá wọ̀n.

Baba Onígègé:
Mo fara mọ́ ìyẹn. Ẹ tún wo ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929. I. B. Thomas, ọkùnrin oníwèé-ìròyìn, ń kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn ara ẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ lórúkọ obìnrin arúgbó kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá, tí àìsàn dá gúnlẹ̀, tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará Èkó rò pé obìnrin náà ń mí. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí àpótí kankan sọ ọ́ fún un délẹ̀délẹ̀. Ó gbọ́ díẹ̀ nígboro, ó da àròsọ lù ú. Ẹ̀yin dúró de èèyàn kó lọ gbé ayé ẹ̀ tán kí ẹ tó kọ ọ́. Ìròyìn lẹ̀ ń kọ. Ẹ ò tiẹ̀ fún un lówó akọ̀ròyìn.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:
Bàbá, ta ló sọ fún yín pé I. B. Thomas ò ní kọ́sítọ́mà tiẹ̀?

Alákòóso Ẹgbẹ́:
Ẹ fi bàbá yẹn sílẹ̀. Aránṣọ, lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ ò kọ nǹkan yìí, ṣé obìnrin náà ṣì ń wá?

Aránṣọ Apẹ̀tẹ́:
(Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún ń kọ ọ́.)

Ó wá ní ọjọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Léèsì ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, aláwọ̀ osùn, n ò tíì gé e. Ó ní kí n kó o fún òun. Mo ní ṣé kò sí o. Kò jókòó. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, ó ń fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n ní yáàdì kọ̀ọ̀kan lójú mi, títí ó fi pé márùn-ún. Ó ká a. Kò bú mi. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ mẹ́ta ni mo bí o."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wà níbẹ̀. Wọn ò mọ ohun tó ń sọ. Ẹnì kan ló ní láti fi ránṣẹ́ sí i, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn 63.

Ìyá Àgbà Mọ́níyà:
Yéè.

Akéwì Ọ̀fà:
Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ìmísí ló gbẹ. Kànga ló gbé ara ẹ̀ nílẹ̀, tó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ọmọ Oníwèé:
Mo ní ẹ̀gbọ́n kan tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, ó fi ọ̀rọ̀ àna rẹ̀ ṣe eré orí ìtàgé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Títí dòní, wọn kì í jọ jẹun.

Aránṣọ Apẹ̀tẹ́:
Ẹ̀yin ń dá mi lẹ́bi o, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ohun tí mo fojú ara mi rí náà wà ńbẹ̀. Ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n sí ló wà níwájú mi báyìí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ìbàdí 36. Oṣù tí ọkọ ẹ̀ kò gbé fóònù mọ́, 33. Lẹ́yìn ìyẹn, 31. Ó ní òun ń sáré ní pápá ni. Èmi ni mo ń fa téèpù, mo mọ ara ẹni tó ń sáré.

Akéwì Ọ̀fà:
Ẹ dúró níbẹ̀! Ìyẹn ni kí ẹ kọ. Aránṣọ kan tó ń ka wàhálà àwọn èèyàn nínú ìwé ìwọ̀n, kí wọ́n tó lanu. Ojú tiyín ló rí ìyẹn. Ẹ kọ ti ẹlòmíì tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀, ẹ da mẹ́wàá pọ̀ di ẹyọ kan.

Aránṣọ Apẹ̀tẹ́:
Nọ́ńbà lásán ni, ta ni yóò san ₦500 lórí nọ́ńbà? Àwọn òǹkàwé mi fẹ́ mọ̀ bóyá ó gba ọkọ ẹ̀ padà ni.

Baba Onígègé:
Ọlọ́run ó!

Ìyá Àgbà Mọ́níyà:
Ọmọ mi, ṣé o ti lọ bẹ̀ ẹ́?

Aránṣọ Apẹ̀tẹ́:
Ojú ń tì mí, mà. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Màá lọ sílé ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ṣé kí n mú nǹkan dání?

Ọmọ Oníwèé:
Búrẹ́dì àti mílíìkì.

Baba Onígègé:
Búrẹ́dì ńkọ́, ṣé ilé ìwòsàn ló ń lọ ni? Àádọ́rin búrẹ́dì kò lè bẹ irú ẹ̀. Mú fóònù yẹn dání, kí o pa orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá rẹ́ lójú ẹ̀.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà:
Pípa á rẹ́ lórí WhatsApp ò ṣe nǹkan kan, èèyàn 63 ti gbà á.

Ìyá Àgbà Mọ́níyà:
Má mú nǹkan kan dání. Tó o bá débẹ̀, má ṣàlàyé ìtàn àròsọ fún un, má sọ fún un pé òun ló ní kí o kọ ọ́. Kúnlẹ̀. Bi í léèrè àwọn ọmọ náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní orúkọ orúkọ.

Aránṣọ Apẹ̀tẹ́:
Mo gbọ́, mà. Ẹ ṣé.

Òǹkàwé Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ níbí o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, ìtàn yìí ti gbà mí lọ́kàn. Níbo ni mo ti lè rí orí 1 sí 14? Mo ṣe tán láti san ₦500.

Aránṣọ Apẹ̀tẹ́:
Ẹ wá bá mi ní ìkọ̀kọ̀.

Ìyá Àgbà Mọ́níyà:
Mo rí ẹ o.