Lórí “agbésùnmọ̀mí ìmàle”: àbá tí n kò lè fọwọ́ sí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Ọ̀kan nínú wa dábàá pé kí àwọn tó ń túmọ̀ ìròyìn òkèèrè sí Yorùbá máa lo “agbésùnmọ̀mí ìmàle” níbikíbi tí wọ́n bá ti pàdé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà Islamist, ìyẹn ẹni tó fẹ́ kí ìlànà Ìsìláàmù máa darí òṣèlú. Mo gbà pé ó dùn ún gbọ́, ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò kò sì ní kọsẹ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí i, nítorí nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló so pọ̀: ẹ̀sìn, òṣèlú àti ìpànìyàn.

Ẹ wo ẹgbẹ́ òṣèlú Ennahda ní orílẹ̀-èdè Tùnísíà. Islamist ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìròyìn ń pè wọ́n nígbà tí wọ́n gba ìjókòó tó pọ̀ jù lọ nínú ìbò oṣù kẹwàá ọdún 2011. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2014, olórí ìjọba tó wá láti inú ẹgbẹ́ náà kọ̀wé fipò sílẹ̀ lẹ́yìn tí tọ̀túntòsì ti jókòó sọ̀rọ̀. Tí a bá tẹ̀lé àbá yìí, agbésùnmọ̀mí la ó máa pe àwọn tó du ipò, tí wọ́n wọlé, tí wọ́n sì gbé ìjọba sílẹ̀ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press pàápàá tún ìlànà ìkọ̀ròyìn rẹ̀ kọ ní ọdún 2013, ó sì kìlọ̀ fún àwọn akọ̀ròyìn pé kí wọ́n má ṣe fi Islamist dípò ajagun tàbí alákatakítí.

“Ìmàle” inú rẹ̀ ló tún ká mi lára jù. Lọ́dọ̀ tiwa, ìmàle lè jẹ́ bàbá ẹni, ó lè jẹ́ àna ẹni, ó lè jẹ́ aládùúgbò tó ń gbé ẹran iléyá wá fún onígbàgbọ́. (Àwọn kan kò tilẹ̀ fẹ́ orúkọ yẹn mọ́, Mùsùlùmí ni wọ́n yàn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.) Nígbà tí ẹnì kan pa èèyàn 77 ní Nọ́wè ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2011, ìwé ìròyìn The Sun ti Ìlú Ọba ti gbé e sójú ewé àkọ́kọ́ lọ́jọ́ kejì pé iṣẹ́ al-Qaeda ni. Ọmọ Nọ́wè tó pe ara rẹ̀ ní onígbàgbọ́, tó sì kórìíra Mùsùlùmí, ló ṣe é. Ta ni nínú wa tó máa dábàá “agbésùnmọ̀mí onígbàgbọ́” fún un?

Ohun tí mo mú wá dípò rẹ̀ ni “afẹ̀sìnṣèlú”, ẹni tó ń fi ẹ̀sìn ṣe òṣèlú. Tí ìròyìn bá fẹ́ kó yéni pé Ìsìláàmù ni ẹ̀sìn náà, kó kọ “afẹ̀sìnṣèlú ti Ìsìláàmù” nígbà àkọ́kọ́, kó sì fi “afẹ̀sìnṣèlú” lásán parí ìyókù. Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ náà kan pásítọ̀ tó ń du ipò gómìnà pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kàn án, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ní ti àwọn tó ń ju bọ́ǹbù, orúkọ ẹgbẹ́ wọn wà nílẹ̀: “àwọn agbésùnmọ̀mí Boko Haram” ti tó, kò nílò àfikún ẹ̀sìn kankan.