Ìbọn wo ni kí n gbé lọ sí Namibia: .30-06 tó wà nílé, àbí kí n ra .300?

Ọdẹ_Houston:
Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, mo júbà. Mò ń lọ ṣọdẹ ní Namibia nínú oṣù keje. Ẹran tó wà lórí ìwé ni kudu, gemsbok, springbok (ẹran oníwo bí ẹtu ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta; kudu àti gemsbok tóbi, springbok kéré) àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà. Ìbọn méjì ló wà nílé: .30-06 àti .243 (irú ọta tí ìbọn ń yìn ni nọ́ńbà wọ̀nyí ń tọ́ka sí). Ẹni tó ń ta ìbọn ní kí n ra .300 Win Mag, tó lágbára ju .30-06 lọ, torí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ibẹ̀ gbòòrò. Ẹlòmíì ní .375 ló yẹ ọdẹ Áfíríkà. Èwo ni kí n gbé, irú ọta wo sì ni?

Akínlógun:
.30-06 ni kẹ́ ẹ gbé. .375 dára fún ẹni tó ń lọ bá ẹfọ̀n, kì í ṣe fún springbok.

.243 yẹn ńkọ́? Òfin Namibia ti sọ iye agbára tí ọta gbọ́dọ̀ ní bó ṣe ń jáde lẹ́nu ìbọn: júùlù 1,350 fún springbok àti ẹtu, 2,700 fún kudu, gemsbok àti eland (ẹran oníwo ńlá míì), 5,400 fún ẹfọ̀n àti erin. Ọta .243 oní-grain 100 (grain ni wọ́n fi ń wọn bí ọta ṣe wúwo tó) kì í sábà ju nǹkan bí 2,640 lọ. Ó kù díẹ̀ kó tó, òfin ò sì mọ "ó kù díẹ̀". .30-06 oní-grain 180 ń gbé nǹkan bí 3,950 jáde. Wọn ò gba ìbọn tó ń kó ọta fúnra rẹ̀ láyè fún ọdẹ níbẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ oní-bolt, tí ẹ ń fọwọ́ fa irin rẹ̀ kí ọta tó wọlé, kò síyọnu.

AbẹÌràwé:
Mi ò bá yín jiyàn lórí .30-06, àmọ́ .300 kì í ṣe ìnákúnàá. Nílẹ̀ gbalasa, springbok lè dúró sí 250 mítà, ọta .300 kì í sì í tètè já wálẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń ta èjìká burúkú. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù títa yẹn á dijú kó tó fà á, ọta á sì lọ bá ẹran níkùn. Àwọn kan á wá de irin oníhò mọ́ ẹnu ìbọn kó lè dín in kù. Ariwo ìyẹn ń ba etí olùtọpa tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín jẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ò sì fẹ́ rí i sójú.

Akínlógun:
Ẹ kúkú fi owó .300 yẹn ra ọta gidi. Àwọn ọta olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà fún àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà, bàbà tí wọ́n fi bo òjé inú wọn fẹ́lẹ́. Tó bá kan eegun èjìká gemsbok, ó lè fọ́ síbẹ̀ láì dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ mú irú ọta tó le, bíi Nosler Partition tàbí Swift A-Frame oní-grain 180. Barnes TSX náà dára, bàbà ni látòkè délẹ̀. Oní-grain 168 ti tó nínú ìyẹn, torí kì í fọ́ nínú ẹran.

Tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ ọta, ẹ fọ inú ìbọn, kẹ́ ẹ tún awò rẹ̀ tò. Pẹ̀lú grain 180, kí ọta máa bọ́ sí íńṣì 2 lókè ààmì ní 100 yáàdì. Á bá ààmì gan-an ní nǹkan bí 200, á sì já wálẹ̀ tó íńṣì 8 tàbí 9 ní 300.

Ọdẹ_Houston:
Ẹ ṣeun gan-an. Ibo ni kí n fojú sùn? Ṣé ẹ̀yìn èjìká bíi ti àgbọ̀nrín níbí?

Olùtọpa:
Rárá o! Ọkàn àwọn ẹran wọ̀nyẹn wà nísàlẹ̀ àti níwájú ju bẹ́ ẹ ṣe rò, láàárín èjìká méjèèjì. Tó bá fẹ̀gbẹ́ kọ yín, ẹ tẹ̀ lé ẹsẹ̀ iwájú gòkè, kẹ́ ẹ dúró níbi ìdá kan nínú mẹ́ta ara rẹ̀ láti ikùn. Èyí tó bá lọ sẹ́yìn èjìká á bá ẹ̀dọ̀ tàbí àpòlúkù, ẹ ó sì tọpa títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Gemsbok ló ń tan èèyàn jù, torí èjìká rẹ̀ ga. Ẹni tó bá fojú sun àárín gbùngbùn á ta á lókè jù, ọta á gba àárín àwọn eegun tó yọ sókè lórí ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹran á ṣubú gbì, àwọn ọdẹ á máa bọ ara wọn lọ́wọ́, ló bá dìde tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Tó bá ṣubú lójijì, ẹ kó ọta míì sí i kíá, kẹ́ ẹ má gbé ojú kúrò.

Orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ ó ti máa yìn ín, ní òòró. Ẹ ra igi náà báyìí, ẹ fi kọ́ra. Ẹni tí orí tábìlì nìkan mọ́ lára á máa gbọ̀n níbẹ̀.

AbẹÌràwé:
Ìwé ńkọ́? Ẹ gba Form 4457 (ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti ní ìbọn náà kẹ́ ẹ tó jáde) lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ sì mú ìbọn náà dání lọ, torí wọ́n máa wo nọ́ńbà rẹ̀. Namibia ò gbà ju ọta 100 lọ fún ìbọn kan, ọta ìbọn yẹn gan-an nìkan sì ni. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ò gbà ju kílò 5 ọta lọ, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Tẹ́ ẹ bá máa gba ẹrù yín jáde ní Johannesburg, ẹ nílò SAPS 520, ìyẹn fọ́ọ̀mù ọlọ́pàá South Africa fún gbígbé ìbọn wọlé fúngbà díẹ̀. Ẹ má sì rò pé ẹ ó yà kí ẹbí l'Ékòó pẹ̀lú ìbọn náà nínú ẹrù.