Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kọ́, amọnúṣẹ́ ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Àbúrò wa kan dábàá pé ká máa pe ẹni tó mọ inú iṣẹ́ kan, tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ fọ̀rọ̀ lọ̀, ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń kọ ètò náà ńkọ́? Òun náà kọ́ṣẹ́, ó sì mọṣẹ́. Ẹlòmíì ní ká lo amọṣẹ́dunjú. Ìyẹn náà lè jẹ́ ti àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. A ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá fáwọn ọmọ iléèwé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì bá wa kọ áàpù rẹ̀. Áàpù náà yá, kì í dákú. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń wá “gbà”. Ó lọ tààrà sẹ́yìn “gùn”, níbi tí g parí sí. Kò sí níbẹ̀. Àárín “ga” àti “gé” ló há sí, torí pé ètò náà ka gb sí g àti b, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni, òun ló tẹ̀ lé g nínú lẹ́tà 25 tá a ní. Ó tún tẹ “ọkọ́” tí àgbẹ̀ fi ń ro oko. Oko, òkò, ọkọ, ọkọ̀, gbogbo wọn ló tú jáde pọ̀, torí ètò náà ti bọ́ àmì orí àti tìdí dànù kó tó wá a.

Ọmọ náà ní kò sí àṣìṣe kankan nínú iṣẹ́ òun. Mo gbà á gbọ́. Ohun tó kọ́ ló ṣe, ó sì ṣe é dáadáa. Inú iṣẹ́ tiwa ni kò wọ̀.

Màmá yẹn gan-an ni mò ń wá orúkọ fún. Amọnúṣẹ́ ni mo dábàá: ẹni tó mọ inú iṣẹ́. Ó ya ẹni tó ń gbé inú iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó wá kọ́lé fún un.

Ká kàn sọ pé ètò kan “dára” náà kò tó. Ti ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò báṣẹ́ mu. Ọ̀rọ̀ méjì ni, ẹ má jẹ́ ká pa wọ́n pọ̀.

Amọnúṣẹ́ àbí amọnúuṣẹ́, èwo ló rọ̀ yín lẹ́nu jù?