Ẹ sọ ìrírí yín: ọjọ́ tí ajá kejì wọlé bá àgbà ajá

Ìbàdàn ni mo ń gbé, ní Àkóbọ̀. Bingo ti pé ọdún 9 nígbà tí mo mú ajá kejì wálé. Ó ti darúgbó débi pé bí èèyàn bá kan géètì, á kọ́kọ́ gbórí wò ó ná, á máa rò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí wọ́n ń gbó sí. Ni mo bá ra ọmọ Alsatian kan, abo, ọmọ ọ̀sẹ̀ 9. Ìyá mi sọ ọ́ ní Kòkànyín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ará ilé kejì ni màmá ń bá wí.

Bingo ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí mo gbé ọmọdé náà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ṣì í ṣe. Kòkànyín lọ tààrà, ó ki imú bọ abọ́ àgbà. Bingo kùn, ó yọ eyín, ó sì fẹnu gbá a nímú. Kò bù ú jẹ o, àmọ́ igbe tí ọmọ yẹn ké! Ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi, mo sì fi na Bingo. Odindi ọjọ́ 3 ló fi sùn sábẹ́ mọ́tò, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun.

Dókítà ẹranko tó wá fún ọmọ ajá lábẹ́rẹ́ ló là mí lóye. Ó ní kíkùn yẹn, ìkìlọ̀ ni. Ajá tí wọ́n bá ń nà torí pé ó kùn, lọ́jọ́ kan á kàn bù èèyàn jẹ láìkùn rárá. Ó tẹ ìbàdí Bingo wò, ó ní eegun ń dun bàbá yìí, ẹ wá ní kí ọmọdé máa fò mọ́ ọn lórí.

Láti ọjọ́ náà, abọ́ méjì, ibi méjì. Bingo ló ń kọ́kọ́ jẹ, òun la kọ́kọ́ ń kí, bí ìyálé. Abẹ́rẹ́ Kòkànyín ò tíì pé, a ò sì lè mú un jáde sójú títì nítorí àrùn parvo tó máa ń pa ọmọ ajá, nítorí náà inú ọgbà àbúrò mi, níbi tí wọn ò ti sin ajá rí, là ń mú wọn lọ. Mo di okùn ọ̀kan mú, ọmọ mi di ti ìkejì, a jọ ń rìn lọ, a ò jẹ́ kí wọ́n kojú síra. Ní ìrọ̀lẹ́ kẹfà, Bingo fúnra rẹ̀ ló lọ gbóòórùn ìdí ọmọ náà. Ó ju ìrù lẹ́ẹ̀kan péré.

*Láti Abẹ́òkúta:* Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀ o. Abo méjì ni mo kó pọ̀, wọ́n sì mọwọ́ ara wọn títí àbúrò fi bàlágà. Ìjà yẹn ò ṣeé wò. Mo kọwọ́ bọ àárín wọn, wọ́n fa ọwọ́ mi ya, mo sì gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ti gba tiwọn. Omi ni kẹ́ ẹ fi là wọ́n. Ọ̀kan ti wà lóko ẹ̀gbọ́n mi báyìí.

*Láti London:* Níbi tí mo ti gba tèmi, wọn ò gbé ajá fún mi àfi ìgbà tí mo mú ti ilé wá kí àwọn méjèèjì fojú rinjú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ. Ajá àkọ́kọ́ tí mo fẹ́, àgbà tó wà nílé kọ̀ ọ́ pátápátá.

*Láti Abẹ́òkúta:* Ará Àkóbọ̀, ṣé Bingo ti gbàgbé ìgbálẹ̀ yẹn?

Ó ti dárí jì mí. Ẹ̀yìn Kòkànyín ló ń sùn sí báyìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń gbálẹ̀, á rọra dìde, á lọ sẹ́yìnkùlé.