Èsì sí àbá «omi ìdàgbà» àti «ìpàwọ̀dà»

Ẹ̀yin ará, mo kí yín fún àròjinlẹ̀ tó wà nínú àbá yìí. Àbá náà ni pé kí a máa pe họ́mónù (ohun tí ẹ̀yà ara kan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti darí iṣẹ́ ẹ̀yà mìíràn) ní «omi ìdàgbà», kí a sì máa pe bí akàn àti edé ṣe ń bọ́ ohun líle tó bo ara wọn ní «ìpàwọ̀dà». N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí pé iṣẹ́ tí họ́mónù ń ṣe lára àwọn ẹranko wọ̀nyí gan-an ló tako orúkọ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo «omi ìdàgbà» ná. Akàn kò lè dàgbà àfi tó bá bọ́ èèpo, nítorí èèpo náà kì í nà. Ẹ̀yà kan wà nínú ara rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ̀yà Y, tó ń tú họ́mónù kan tó ń jẹ́ ecdysone sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló sì ń mú kí ara máa palẹ̀ mọ́ fún bíbọ́ èèpo. Ṣùgbọ́n nínú igi tí ojú akàn dúró lé ni ẹ̀yà X wà, họ́mónù tó ń ti ibẹ̀ wá sì ń dá ẹ̀yà Y lọ́wọ́ kọ́. Zeleny, onímọ̀ nípa ẹranko, ti rí i láti 1905 pé bí a bá gé igi ojú náà, ẹranko a máa bọ́ èèpo kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ. Inú igi ojú yìí náà ni họ́mónù tó ń dá ẹyin inú abo dúró kí ó má tètè gbó ti ń wá; ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń sin edé fi máa ń gé igi ojú kan lára abo kí ó lè tètè yé ẹyin (ìwà ìkà ni lójú tèmi). Òmíràn láti ibẹ̀ ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i. Ta ni yóò wá pe ohun tó ń dá ìdàgbà dúró ní omi ìdàgbà?

Èyí kì í ṣe ìṣòro Yorùbá nìkan. Starling, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara tó mú orúkọ «hormone» jáde ní 1905 kan náà, inú èdè Gíríìkì ló ti fà á yọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí nǹkan ta nǹkan mìíràn jí. Schäfer, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara bíi tirẹ̀, rí àléébù náà, ó ní kí a máa pe àwọn tó ń dáni dúró ní «chalone», ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò ràn. Àǹfààní tí àwa ní ni pé «họ́mónù», bí a ṣe ń pè é, kò sọ irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni létí. Ẹ jẹ́ kí a dì í mú, kí a sì fi «ońṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀» ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé a lè rán ońṣẹ́ pé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, a sì lè rán an pé kí ó dúró. Èyí tó ń dí ẹ̀yà Y lọ́wọ́ yóò wá jẹ́ «họ́mónù adènà-ìbọ́èèpo».

«Ìpàwọ̀dà» ńkọ́? Ejò ń bọ́ awọ, ọ̀gà ń pàwọ̀dà. Èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tẹ́lẹ̀. Lára edé, ó ṣe pàtàkì pé kí wọ́n wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí họ́mónù kan wà, tí a ti mọ bí amino acid (àwọn ègé kéékèèké tí a fi ń to protein) 8 inú rẹ̀ ṣe tò láti 1972, tó ń kó àwọ̀ pupa jọ sójú kan nínú sẹ́ẹ̀lì, tí pupa ara edé a sì dínkù. Òmíràn ń tú àwọ̀ ká. Bí a bá wá kọ ọ́ pé edé «pàwọ̀dà», ṣé èèpo ló bọ́ ni, àbí àwọ̀ rẹ̀ ló yí padà?

Àwọn kan fẹ́ «ìbọ́karahun». Ìgbín ló ni ìkarahun, kì í sì í bọ́ ọ. Bó ṣe ń dàgbà ni ìkarahun náà ń fẹ̀ sí i. Akàn ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ pátápátá ni, a sì máa rọ̀ títí tí tuntun yóò fi le. «Ìbọ́èèpo» ni mo fọwọ́ sí.