Àbọ̀ ìrìn ọjọ́ kan ní Delhi Àtijọ́

Mo béèrè níbí bí mo ṣe lè fi ọjọ́ kan péré wo Delhi Àtijọ́ ní India, kí n sì jẹ oúnjẹ ojú pópó rẹ̀. Ìmọ̀ràn pé kí n wọ ọkọ̀ ojú irin dé ibùdó Lal Quila láàárọ̀ ló ṣiṣẹ́ jù, nítorí mo ti rí ààfin olódi Red Fort àti mọ́sálásí ńlá Jama Masjid, tí Ọba Shah Jahan kọ́, kí oòrùn tó mú. Wọn kì í ṣí Red Fort lọ́jọ́ Ajé o.

Ní Paranthe Wali Gali, òpópónà tóóró tí wọ́n ti ń ta paratha (búrẹ́dì pẹlẹbẹ), ojú mi ni wọ́n ṣe ki ọ̀dùnkún sínú ìyẹ̀fun pípò, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì dín in títí ó fi pọ́n; ó dùn gan-an. Bíbẹ̀ wọ́n pé kí ata mọ níwọ̀n gbè mí díẹ̀, ṣùgbọ́n omi inú pani puri (ìpanu kékeré tí wọ́n ń bu omi aláta sínú rẹ̀) ṣì ta mí lẹ́nu. Khari Baoli, ọjà èròjà ọbẹ̀, nìkan ni n kò dé, torí ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ ṣeun.